Ọ̀sà Ni Tiwa: Láti Èbúté Ìkòròdú dé Ọjà Ẹja Ẹ̀pẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti ìlú òyìnbó ní ọdún kan, ó ní kí n mú òun lọ sí etíkun Ìkòròdú. Ó ti rí i lórí fóònù rẹ̀ pé omi ló wà ní gbogbo gúúsù ìlú wa. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn, ó wọ bàtà funfun báláú. Mo mú un dé èbúté Ìpakodò. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Yanrìn funfun kò sí. Igbi kò sí. Àgbọn tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò sí. Ohun tó rí ni omi aláwọ̀ ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó tò bẹẹrẹ, obìnrin kan tó ń sun àgbàdo, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń de jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó mọ́ orí kóòtù, tí wọ́n ń sáré kí ọkọ̀ má baà fi wọ́n sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé ibí náà nìyí?"

Mo ní ibí náà ni.

Kò jẹ̀bi. Àwọn tó ń ròyìn Èkó fún ará ìta máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní etíkun, bí ẹni pé omi kò ju oríṣi kan lọ. Àwa tí wọ́n bí sí ẹ̀bá omi kì í dà wọ́n pọ̀. Òkun ni omi iyọ̀ tó ń bú ní Eléko àti Orímedú, tó lè gbé ènìyàn lọ kó tó ṣẹ́jú. Ọ̀sà ni omi jẹ́jẹ́ tó sá pamọ́ sẹ́yìn yanrìn, tó ti Èkó wá, tó gba iwájú Ìkòròdú kọjá, tó sì nà dé Ẹ̀pẹ́ kó tó pàdé ọ̀sà Lekki. Ìjọba ìbílẹ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ yìí tí òkun ń gbá lẹ́yìn láti òwúrọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ Etí-Ọ̀sà ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ibi tí àwọn kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìlú kọjú sí yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi iwájú fún ọ̀sà, wọ́n fi ẹ̀yìn fún igbó. Ọ̀sà ni òpópó wọn, ọ̀sà ni ẹnubodè wọn, ọ̀sà náà ni wọ́n ń gbà sá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Láàárín ìran mẹ́ta, àwọn ìlú náà yí padà bí ẹni tó yíjú lórí ẹní. Ọ̀nà ọ̀dà ti di iwájú. Omi ti di ẹ̀yìnkùlé, ibi tí à ń dalẹ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀sà ní ìwà tirẹ̀ tó yẹ kéèyàn mọ̀. Odò Ògùn ń da omi sí i lápá Májídùn. Ọ̀ṣun, tó ti òkè jíjìn wá, ń já sí ọ̀sà Lekki nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo omi yìí ní sí òkun láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ẹnu omi Èkó tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Àpápá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi òkè fà, iyọ̀ á gba ẹnu yẹn wọlé, á máa rá bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Tí òjò bá dé, omi òkè á tì í padà. Ẹja tó fẹ́ iyọ̀ á tẹ̀ lé iyọ̀, èyí tí kò fẹ́ ẹ á sá lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi ti dùn ju ti Èkó lọ. Apẹja tí kò bá mọ oṣù tí omi ń yí, àwọ̀n rẹ̀ yóò máa gbẹ lórí igi.

Iyọ̀ yẹn náà ni ó ń bá wa gbógun ti ewéko olódòdó aláwọ̀ èsè àlùkò tó dé sójú omi wa ní àárín àwọn ọdún 1980, tó gba ìhà orílẹ̀-èdè Benin wọlé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ ó rí i tó ti rọ, tó di pàǹtí. Òjò méjì, mẹ́ta, ó tún ti bo ojú omi, ó ti wé mọ́ abẹ́ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀. Òjúoró àti òṣíbàtà tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà ìlékè kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu tó báyìí rí. Àlejò yìí lékè ju bí a ti gbà á ládùúrà lọ.

Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko, Ìkòròdú kì í sì í ṣe àìmọ̀ fún ẹni tó bá ti gbé Èkó. Nínú ìtàn tí wọ́n ń pa fún wa, inú ewébẹ̀ yẹn gan-an ni orúkọ ìlú ti jáde: Oko Òdú, tí ahọ́n yí lọ yí bọ̀ títí ó fi di Ìkòròdú. Ọmọ Rẹ́mọ ló tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì tọpa ìdílé náà dé ààfin Akárìgbò ní Ṣàgámù; àwọn tó ti ìlú Benin wá tún bá wọn níbẹ̀. Ayangbúrẹ́n ni oyè ọba wa. Oko ni ìlú náà jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, èbúté ni ó sọ ọ́ di ńlá. Ẹrù tí Rẹ́mọ bá rù wá láti òkè, etí omi yìí ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí kí ọkọ̀ tó gbé e sọdá sí Èkó.

Ibi tí owó bá ń gbà kọjá, ogun kì í jìnnà síbẹ̀. Ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, torí wọn kò fẹ́ kí Rẹ́mọ ní ọ̀nà tirẹ̀ sí Èkó láìgba ọwọ́ wọn. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn baba wa yí orúkọ rẹ̀ sí Gólóbà, kó ọmọ ogun sọdá ọ̀sà ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n sì lé àwọn Ẹ̀gbá padà. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́: èbúté tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sí tó ń wá igi àgbọn, ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà méjì ni ẹni tó gbé ọ̀dọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó lè gbà. Ọ̀nà ilẹ̀ gba Mile 12. Wọ́n na ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT dé Ìkòròdú ní 2015, ó sì ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó jáde nílé kí àwọn àáfà tó pe ìrun ṣì lè dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Tí omi bá dára, ọkọ̀ ojú omi á sáré gba abẹ́ afárá Third Mainland kọjá, wákàtí kan kò ní pé kó tó gúnlẹ̀. Ọ̀nà omi ni mo ń gbà. Ìyá mi kò ní wọ ọkọ̀ náà láéláé. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun gbé ara òun sínú omi, pé ilẹ̀ tí kò ṣeé dúró lé kò ṣeé gbára lé.

Bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí ìyá mi, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti lo ìdajì ayé rẹ̀.

Ejìnrìn ni màmá àgbà yìí ń ná. Tí ẹ bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lórí omi, Ejìnrìn wà ní apá òkè ọ̀sà, ó sì ti fìgbà kan rí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tó tóbi jù ní gbogbo etí ọ̀sà yìí. Ìjẹ̀bú ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀ tòun ti oúnjẹ oko àti epo. Èkó ń gòkè wá tòun ti iyọ̀ àti aṣọ. Màmá a máa sọ fún wa pé alẹ́ ni àwọn ń ṣíkọ̀, pé atẹ́gùn á wọ ìgbòkùn, ẹni tó ń sùn á sùn, ẹni tó ń ṣírò owó á máa ṣírò, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo ọjà láti orí omi kí ẹ tó rí i. Àwọn ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n là káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n pa ọjà náà. Kò sí ogun, kò sí iná. Ẹrù kàn rí ọ̀nà tó yá jù ú lọ ni. Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí màmá kú. Ìparọ́rọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ti abúlé tí kò gbajúmọ̀ rí. Ó dà bí ìparọ́rọ́ ilé tí àlejò ti lọ tán.

Ẹ̀yìn Ìkòròdú lọ sí Ìgbógbó àti Bàyékù ni ẹ ó ti rí bí a ṣe ń lo ọ̀sà báyìí. Yanrìn ni. Àwọn ọkùnrin tó ń wa yanrìn á gbé ọkọ̀ pákó jáde, á rì sínú omi pẹ̀lú garawa, á gbé e jáde ní kíkún, á tún rì. Tí ọkọ̀ bá kún dé ibi tí omi fẹ́ máa wọ̀ ọ́, wọ́n á ta ìgbòkùn tí wọ́n fi àpò ìrẹsì rán, wọ́n á sì máa bọ̀ jẹ́jẹ́. Láti òkèèrè, ẹwà rẹ̀ pọ̀, àwọn ayàwòrán kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo èjìká àwọn ọkùnrin náà. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fa yanrìn wà, tí ìwọ̀n tí ọ̀kan ń fà ní ọjọ́ kan pọ̀ ju ti ọkọ̀ pákó wọn lọ fíìfíì. Ilé tí à ń kọ́ ní Èkó, inú ọ̀sà wa ló ti ń jáde. Àwọn apẹja ní ibi tí ẹ̀rọ bá ti fa yanrìn, omi á dà rú, ibi tí ẹja ń yé sí á bàjẹ́, àwọ̀n á sì fà ya ní kòtò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹni tó lè já wọn nírọ́.

Tí ẹ bá sún síwájú dé Ìjẹ̀dẹ́, ẹ ó rí Ẹgbin, iléeṣẹ́ iná mànàmáná tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1985, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, omi ọ̀sà yìí ni ó sì fi ń tu ẹ̀rọ rẹ̀ lára. Ọ̀sà ń ṣiṣẹ́ láti mú iná wá fún Nàìjíríà. Ẹ máa bi mí bóyá iná wà ní ilé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ má bi mí.

Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ gba Ìmọ́tà, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí iléeṣẹ́ ìrẹsì ńlá kan sí ní oṣù kìíní 2023, ó gba Àgbọ́wà àti Ìtòìkín. Àgbọ́wà náà ti rí tirẹ̀ lórí omi. Tẹ́lẹ̀, igi gẹdú tí wọ́n bá gé ní igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, wọ́n á so ó pọ̀, á máa léfòó bọ̀ lórí ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ sí Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí àwọn onípákó ti máa ń là á sí pákó. Àwọn tó ń tù ú á dáná lórí rẹ̀, wọ́n á sùn lórí rẹ̀, bí ẹni pé igi ọ̀hún ni ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń sọ pé kí àwọn onípákó kó kúrò ní Èbúté Mẹ́ta wá sí Àgbọ́wà.

Ẹ̀pẹ́ wá dé. Ìlú yìí kò jọ ìlú mìíràn lójú mi, ìtàn rẹ̀ sì ni ó fà á. Wọ́n ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Huraka, tó ti Ifẹ̀ wá, ni ó kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣe oko, wọ́n ń pẹja. Bí ìlú ṣe wà nìyẹn títí Gẹ̀ẹ́sì fi yin àgbá sí Èkó ní òpin oṣù Kejìlá 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè, àwọn jagunjagun, àwọn oníṣòwò, àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀pẹ́ ló wá fìdí kalẹ̀ sí.

Ẹ fojú inú wò ó: ìlú apẹja kékeré kan jí, ó bá ọba Èkó kan ní etí omi rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Kòsọ́kọ́ kò sì wá sinmi. Ní oṣù kẹjọ 1853 ó gba orí omi padà wá jà ní Èkó, kò rọrùn fún un. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1854, Campbell tó jẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tọ̀ ọ́ wá, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: Kòsọ́kọ́ á jọ̀wọ́ Èkó, á fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọ́n á sì gbà pé òun ló ni òwò ní Palma, ìyẹn Orímedú, àti ní Lekki. Ọba tí wọ́n lé kúrò ní èbúté kan tún rí èbúté méjì gbà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibi yẹn nínú ìtàn. Ọkùnrin náà mọ ìwúlò etí omi.

Ní 1862, lẹ́yìn tí Dòsùnmú ti fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, Kòsọ́kọ́ padà sílé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá a lọ. Àwọn tó dúró ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní, àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ ni Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ìlú kan náà tó ní ara méjì, tí olúkúlùkù sì ní olórí tirẹ̀. Àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ padà náà kò gbàgbé ibi tí wọ́n ti dé: àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ní àdúgbò yẹn ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 1994. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Lateef Jákàńdè ní 1929. Nígbà tí Jákàńdè wá di gómìnà láàárín 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ ló la ọ̀nà tó ti Victoria Island gba Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló wá la ọ̀nà ilẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Tí ẹ bá ní kí n sọ ọjọ́ tí Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀yìn sí omi, ọ̀nà yẹn ni màá nàka sí, bẹ́ẹ̀ mi ò lè bínú sí i, torí òun ni mo máa ń gbà lọ.

Gẹ̀ẹ́sì náà ti mọ̀ ṣáájú pé ẹnu ọ̀nà orí omi ni Ẹ̀pẹ́. Ní 1863 wọ́n yin àgbá sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1892 tí wọ́n ń lọ bá Ìjẹ̀bú jà, orí ọ̀sà ni wọ́n gbà kó ọmọ ogun wá, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn dé Ìmàgbọ́n. Ìjẹ̀bú ti gbẹ́ yàrà Èrèdò yí ilẹ̀ wọn ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, ibòmíràn ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, iṣẹ́ tí à ń fi orúkọ Súngbọ́ pè. Ẹ lè rí ara rẹ̀ lónìí ní ìlú Èrèdò, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, nínú igbó tí ó tutù bí inú kànga. Ìbọn Maxim ti Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà fún yàrà.

Àjọ̀dún ni ẹ ó fi mọ ara méjì tí mo sọ. Lẹ́yìn Iléyá, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ a máa ṣe Kayokayo ní ìrántí àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ dé. Jẹun kí o yó ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Àwọn ọmọ ìlú á ti Èkó, á ti Ìbàdàn, á ti òkè òkun dé, ilé tí ẹ kò mọ̀ rí á fi tipátipá fún yín ní abọ́. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní Òkòsì, tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ ní ìdíje lórí ọ̀sà. Àpàlà Ligali Mukaiba, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni àwọn àgbà ṣì máa ń gbé sétí níbẹ̀, gbogbo ìjókòó á sì dákẹ́ díẹ̀. Oúnjẹ wọn, ìkọ́kọrẹ́, ni mo kà sí ẹ̀rí tó dájú pé ìlú kan jẹ́ ti oko àti ti omi lẹ́ẹ̀kan náà: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ata, epo àti ẹja. Tí ẹja kò bá pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀kọ ewùrà lásán ni ẹ jẹ.

Gbogbo èyí ni mo ń rò ní ìdájí ọjọ́ tí mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó tún wálé, lọ sí ọjà Olúwo.

Ọjà Olúwo wà létí omi Ẹ̀pẹ́, òun sì ni ọjà ẹja odò tí gbogbo Èkó mọ̀ jù. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí ìlú náà ṣì fi gbogbo ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀sà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn ọkọ̀ ti ń wọlé, tí àwọn obìnrin ti dúró dè wọ́n nínú omi dé orúnkún. Àṣìṣe tí àlejò ń ṣe ni pé ó rò pé apẹja ló ni ọjà. Àwọn obìnrin ló ni ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi owó ra àwọ̀n fún apẹja, tàbí wọ́n yá a lówó ẹ̀ńjìnnì, ẹja tó bá pa kò sì ní ẹlòmíràn tí yóò tà á fún. Kí ẹja tó kúrò nínú ọkọ̀ ni àwọn méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀, nígbà mìíràn láìsọ gbólóhùn kan.

Nínú àwọn ọpọ́n, àrọ̀ ń lọ́ra pọ̀ mọ́ra. Ọ̀bọ̀kún wà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, tòun ti ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó lè dá ọwọ́ aláìmọ̀kan lára. Èpìyà pọ̀ ju ohun gbogbo lọ. Ẹja ọ̀sàn, tó gùn bí ejò tó sì wọ́n bí aṣọ ọdún, kì í pẹ́ lórí àtẹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti sọ sílẹ̀ fún un. Edé wà nínú agbọ̀n, akàn tí wọ́n fi ọ̀pẹ dè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀yìn, èéfín ń rú láti inú ààrò àwọn tó ń yan ẹja, ó sì ń wọ aṣọ ẹni tí kì í fi í jáde títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá oníbàárà fọ ẹja jókòó tòun ti ọ̀bẹ àti eérú: ẹ ra ẹja, wọ́n á fi eérú fọ ara rẹ̀ tó ń yọ̀, wọ́n á ya inú rẹ̀, wọ́n á gé e bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ ó san owó ọwọ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá ẹlẹ́ja. Eélòó ni ọ̀bọ̀kún yìí?"

Ìyá náà dá owó lé e. Mo dá ìdajì rẹ̀ padà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi tòun ti bàtà funfun, ó sì fi kún ti àkọ́kọ́.

Kí ẹ má rò pé gbogbo ẹja Olúwo ló ti ọ̀sà jáde. Púpọ̀ nínú àrọ̀ ibẹ̀ báyìí ni wọ́n sìn nínú adágún tí wọ́n gbẹ́, ọkọ̀ ilẹ̀ ló sì gbé e wá. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja kì í pa á mọ́ tí ẹ bá mọ bí a ti ń bèèrè. Ẹja odò ní tirẹ̀, ẹja sísìn ní tirẹ̀; ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún àlejò á ra ti odò, ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún àpèjẹ tó ní igba àga á ra ti adágún. Apá kan ọjà náà tún wà tí mi ò fẹ́ràn láti gbà kọjá, apá ẹran ìgbẹ́. Òyà kò yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí alégbà tí wọ́n dè lẹ́nu, ọ̀ọ̀nì kékeré, àti akìkà tó ká jọ sínú ìpẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí kò kan òun. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò akìkà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Akìkà kò tíì kúrò lórí àtẹ wa.

Lẹ́yìn ọjà, mo ní kí á jọ lọ wo òkun gan-an, kí ó má baà sọ pé Àǹtí òun tan òun jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn náà kò pẹ́ nínú ọkọ̀, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Lekki ti di ọ̀nà pátákó: ilẹ̀ tà níbí, ilẹ̀ tà lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tí wọn kò tíì kọ́, ilé tó kọjú sí omi. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ nìkan ló tún ń sọ̀rọ̀ omi ní ẹnu wọn báyìí, torí pé ó ń fi kún owó. Lekki tí wọ́n ń pè lórí pátákó kì í ṣe ìlú Lekki, abúlé àtijọ́ tí ìjọba fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí lábẹ́ ìhámọ́ ní 1962, nítorí pé ní ìgbà náà ibi tó jìnnà sí ariwo ayé ni. Ariwo ayé ti bá a níbẹ̀. Èbúté òkun Lekki, tí ilẹ̀ omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ni wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́. Ibi tí Kòsọ́kọ́ ti ń kó epo pupa sínú ọkọ̀, epo rọ̀bì ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí.

Ní Eléko, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí ohun tó ti ń wá: yanrìn, igbi, àgbọn, ọmọkùnrin tó ń fi ẹṣin ṣòwò. Ó ya àwòrán mẹ́rin. Ó jókòó. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó ní ebi ń pa òun, pé ṣé a kò lè padà sí ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yẹn.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Olúwo. Àtẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, wọ́n ń da omi sílẹ̀, ìpẹ́ ẹja ń dán lórí ilẹ̀ bí owó wẹ́wẹ́. Ìyá náà ń ká àwọ̀n kan tó ya sínú àpò. Bàtà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di aláwọ̀ ọ̀sà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ, ó kí i, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, aago mélòó ni àwọn ọkọ̀ ń wọlé, òun fẹ́ wá rí i lọ́la.

"Aago márùn-ún ìdájí," ìyá náà wí, kò gbójú sókè. "Má wọ bàtà yẹn wá."